Ìwọ̀n Ẹ̀kọ́ fún Ẹni tí Yóò Kó Owó Onírin Àtijọ́ Jọ

Báwo ni ẹ̀kọ́ ènìyàn ti gbọdọ̀ pọ̀ tó kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí kó owó onírin àtijọ́ jọ? Ní tèmi, bí ó bá ti lè ka ohun tí a kọ sára owó náà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Ẹ wo pẹ́nì oníhò tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀ kí náírà tó dé ní 1973. Orúkọ ọba ni ó wà lára rẹ̀, kì í ṣe àwòrán orí ọba. A rí ti ọdún 1936 tí ó jẹ́ orúkọ Edward VIII, ẹni tí ó fi adé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà, tí ìjọba kò sì gbé owó rẹ̀ jáde fún ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn. Oníṣòwò lè tìtorí ìtàn yìí bu owó gọbọi lé e. Bẹ́ẹ̀ ni ó pọ̀ lọ jàra. Lẹ́tà H tàbí KN tí ó wà lára òmíràn ń tọ́ka sí ilé-iṣẹ́ tí ó rọ ọ́ ní Birmingham.

Ohun kan ni kò ṣeé sún síwájú: kí ó mọ̀ pé a kì í fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ owó náà kí ó lè dán. Ohun tí ó bá ti họ kúrò lójú rẹ̀, òpìtàn kò ní rí i kà mọ́. Ìyókù, bí i ìdí tí ṣílè ọdún 1920 fi pín sí ti fàdákà àti ti idẹ, yóò máa yé e lẹ́nu iṣẹ́.