Ọjọ́ Tí Òkun Wọlé ní Sri Lanka

Ọjọ́ Àìkú ni, 26 oṣù Kejìlá 2004. Òṣùpá àrànmọ́jú ló bọ́ sí i, ọjọ́ ìsinmi àwọn ẹlẹ́sìn Búdà, nítorí náà èrò pọ̀ lójú ọ̀nà tó ń lọ kí ẹbí.

Aago 6:58 àárọ̀: Ilẹ̀ mì tìtì lábẹ́ òkun nítòsí erékùṣù Sumatra.

Aago 7:14: Àwọn tó ń ṣọ́ ìgbì òkun láti Hawaii kéde pé kò séwu fún etíkun Pàsífíìkì. Nígbà náà, Òkun Íńdíà kò ní ètò ìkìlọ̀ tirẹ̀. Ní Kalmunai, ní etíkun ìlà-oòrùn Sri Lanka, apẹja ṣì ń tú àwọ̀n rẹ̀ ni.

Kí aago 9 tó lù: Omi ti bo etíkun ìlà-oòrùn.

Nǹkan bí aago 9:30: Ọkọ̀ ojú irin tó ti Colombo bọ̀ dúró ní abúlé Peraliya nígbà tí ìgbì àkọ́kọ́ dé. Àwọn ará àdúgbò sá sínú rẹ̀ àti sórí rẹ̀. Ìgbì tó tẹ̀ lé e gbé ọkọ̀ náà ṣubú. Ó ju 1,000 ènìyàn lọ tó kú síbẹ̀.

Láti ọ̀sán títí di alẹ́: Àwọn tó yè ya wọ inú ilé ìwé, tẹ́ḿpìlì, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí. Ibí yìí ló dùn mí jù. Ìyá lè wà ní ilé ìwé kan, kí ọmọ rẹ̀ wà láàyè ní tẹ́ḿpìlì tí kò jìnnà, kí wọ́n máa sunkún ara wọn. Ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ orúkọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ìwé ibí kò mọ ohun tó wà nínú ìwé ọ̀hún. Nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn ni ọjọ́ náà sọ di aláìnílé.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà Sri Lanka yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní Sahana: ẹni tó sọnù, ibùdó, oúnjẹ àti oògùn, gbogbo rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ kan. PHP àti MySQL, tí kò gba kọ́bọ̀, ni wọ́n fi kọ́ ọ. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń lo Linux ti tó fún un. Pakistan lò ó nígbà ìmìtìtì ilẹ̀ 2005.

Kò sí ohunkóhun nínú Sahana tí a kò lè ti kọ ṣáájú ọjọ́ tí òkun wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, Sahana ṣì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ àtijọ́ tó wà nílẹ̀, kí ẹ sì kọ́ àwọn olùkọ́ àdúgbò yín bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí omíyalé tó dé.