Ìjọ Lutheran Létíkun Lüderitz

Ohun tí ojú kọ́kọ́ ń rí ní Lüderitz, ìlú kékeré kan létíkun gúúsù Nàmíbíà, ni ṣọ́ọ̀ṣì tó dúró gangan lórí òkè olókùúta. Felsenkirche ni àwọn Jámánì tó kọ́ ọ sọ ọ́. Ọdún 1912 ni wọ́n ṣí i, àmọ́ ìgbàgbọ́ ti wọ agbègbè náà tipẹ́ kí wọ́n tó fi búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì níbẹ̀, àwọn tó sì kọ́kọ́ gbà á kì í ṣe òyìnbó.

Láti 1814 ni Heinrich Schmelen, ọmọ Jámánì tó ń bá ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Lọ́ńdọ̀nù ṣiṣẹ́, ti tẹ̀dó sí Bethanie láàárín àwọn ẹ̀yà Nama. Ní 1842, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Rhenish láti Jámánì gba iṣẹ́ náà. Inú iṣẹ́ yìí ni ìjọ Lutheran kan ti àwọn aláwọ̀ dúdú ti jáde níkẹyìn.

Ní 1883, Adolf Lüderitz, oníṣòwò ará Bremen, rán Heinrich Vogelsang lọ bá Josef Fredericks, olórí Bethanie. Wọ́n ra èbúté Angra Pequena, tí í ṣe Lüderitz òde òní, ní 100 pọ́n-ùn àti ìbọn 200. Lóṣù kẹjọ, wọ́n tún ra ilẹ̀ etíkun mìíràn, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 máìlì. Ibí ni wọ́n ti fi ọgbọ́n àrékérekè gbé e. Máìlì tí Fredericks mọ̀ ni ti Gẹ̀ẹ́sì, tí kò tó kìlómítà méjì. Èyí tó wà lọ́kàn Lüderitz ni ti Jámánì, tó lé ní kìlómítà méje. Lüderitz mọ̀ dájú, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn Nama máa rò pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí baba náà tà ṣe fi ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tó rò lọ. Gbájú-ẹ̀ pọ́ńbélé ni, orúkọ ẹni tó ṣe é ni ìlú náà sì ń jẹ́ títí dòní.

Ní 1904, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Jámánì tó ń ṣàkóso ilẹ̀ náà àti àwọn ẹ̀yà ibẹ̀. Àwọn Jámánì kó àwọn ẹ̀yà Herero, lẹ́yìn náà àwọn Nama, ní ìgbèkùn lọ sí Shark Island, òkúta gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté Lüderitz, níbi tí atẹ́gùn tútù láti orí òkun ti ń fẹ́ tọ̀sán-tòru. Aṣọ kò tó, oúnjẹ kò tó. Púpọ̀ nínú àwọn Nama wọ̀nyí ló ti ṣe ìrìbọmi, àwọn míṣọ́nnárì Rhenish sì ń lọ bá wọn gbàdúrà níbẹ̀. Àdúrà nìkan kò lè gbà wọ́n. Ọ̀gágun Ludwig von Estorff ló kó wọn kúrò lóṣù kẹrin 1907. Nínú ìròyìn tó fi ránṣẹ́, ó ní nínú ẹlẹ́wọ̀n 1,795 tí wọ́n ti kó débẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án 1906, àwọn 1,032 ti kú. Cornelius Fredericks, ọmọ ìdílé olóyè Bethanie, kú síbẹ̀ lóṣù kejì 1907.

Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yìí kan náà ni wọ́n fi la ọ̀nà rélùwéè tó jáde láti Lüderitz. Ẹ̀gbẹ́ rélùwéè yẹn ni òṣìṣẹ́ kan, Zacharias Lewala, ti ṣa òkúta dáyámọ́ńdì ní 1908, tó sì mú un fún ọ̀gá rẹ̀, August Stauch. Stauch di ọlọ́rọ̀. Lewala kò rí nǹkan kan gbà. Owó ya wọ ìlú. Ní oṣù kọkànlá 1911, wọ́n fi ìpìlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lélẹ̀, Albert Bause ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì yà á sí mímọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ 1912. Wilhelm Kejì, ọba Jámánì, fi fèrèsé aláràbarà tó wà lókè pẹpẹ ta ìjọ lọ́rẹ. Ìyàwó rẹ̀ fún wọn ní Bíbélì. Ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀ péré ló wà láàárín ikú Cornelius àti ìyàsímímọ́ náà.

Adùn ìjọ náà kò pẹ́. Àwọn ọmọ ogun South Africa gba ìlú ní 1914, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ Jámánì lọ sí ìgbèkùn. Nígbà tó yá, iṣẹ́ dáyámọ́ńdì ṣí lọ sí Oranjemund, àwọn olówó sì bá a lọ.

Ní Nàmíbíà lápapọ̀, ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó jáde láti inú iṣẹ́ Rhenish gba òmìnira ní 1957. Àwọn Jámánì dá tiwọn sílẹ̀ ní 1960. Ní 1971, àwọn tó jẹ́ olórí ìjọ aláwọ̀ dúdú méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Leonard Auala àti Paulus Gowaseb, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí olórí ìjọba South Africa, John Vorster, pé ìjọba rẹ̀ ń tẹ ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn lójú mọ́lẹ̀. Ìjọ Jámánì kò bá wọn fọwọ́ sí i. Ní 1984, ẹgbẹ́ àwọn ìjọ Lutheran lágbàáyé ṣèpàdé ní Budapest, wọ́n sì dá ìjọ Jámánì náà dúró nítorí kò kọ ẹ̀yìn sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ìyà tó tọ́ sí i ni. Ẹ̀yìn òmìnira Nàmíbíà ní 1990 ni wọ́n tó gbà á padà.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣí Felsenkirche fún àlejò, nígbà tí oòrùn bá ń gba inú fèrèsé wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ bá débẹ̀, ẹ má fi mọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gba ọ̀nà tó wọ Shark Island. Ibùdó ìgbafẹ́ àwọn arìnrìn-àjò ni ibẹ̀ báyìí, òkúta ìrántí Cornelius Fredericks sì wà láàárín rẹ̀.