Ìjọ Carthage Nígbà Àjàkálẹ̀ Àrùn

Bí a bá ti dé Jákọ́bù orí 2, a máa ń jiyàn bí ẹni pé òun àti Pọ́ọ̀lù ń bá ara wọn jà. Ìjọ Carthage, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tùnísíà lónìí, kò rí àyè irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 250, Késárì Decius pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn rúbọ sí àwọn òrìṣà Róòmù, kí wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ Kristẹni rúbọ. Àwọn mìíràn tí kò rúbọ fi owó ra ìwé náà. Cyprian, bíṣọ́ọ̀bù wọn, sá pamọ́, ó ń fi lẹ́tà darí ìjọ. Àwọn kan bẹnu àtẹ́ lù ú. Nígbà tó padà ní 251, ìjà ti dé: ta ni onígbàgbọ́ tòótọ́, ta ni kí a gbà padà?

Ẹnu èyí ni wọ́n wà tí àjàkálẹ̀ àrùn fi wọlé, ní nǹkan bí ọdún 252. Ìgbẹ́ gbuuru, èébì, ojú pípọ́n: Cyprian fúnra rẹ̀ ló kọ àwọn àmì náà sílẹ̀. Pontius, díákónì rẹ̀, kọ ọ́ pé àwọn ará ìlú ń sá fún àwọn ènìyàn wọn, wọ́n ń gbé aláìsàn síta. Cyprian pe ìjọ jọ. Ó ní kò sí ohun ìyanu nínú kí a máa tọ́jú kìkì ará wa. Kí wọ́n tọ́jú àwọn kèfèrí pẹ̀lú, àní àwọn tó ṣe inúnibíni sí wọn. Olówó mú owó wá. Tálákà tí kò ní nǹkan kan fi agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́, Pontius sì ka èyí sí ohun tó ju ọrọ̀ lọ.

A kò gba gbogbo ẹ̀kọ́ Cyprian o. Nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ àánú, ó sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìtọrẹ àánú ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ tí a dá lẹ́yìn ìrìbọmi nù. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ló ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ wa mìíràn lónìí, bí opó bá wá béèrè ìrẹsì, káàdì ọmọ ìjọ ni a kọ́kọ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń múra fún iṣẹ́ òjíṣẹ́, ẹ fi ìyẹn wé ti Carthage.

Irú ìwà bẹ́ẹ̀ kò parí sí Carthage. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 362, Késárì Julian tó ti kẹ̀yìn sí Kristi kọ lẹ́tà sí olórí àwọn àwòrò kan ní Gálátíà. Ó ní ìtìjú ni pé àwọn ará Gálílì, bó ṣe ń pe àwọn Kristẹni, ń bọ́ tálákà tiwọn, wọ́n tún ń bọ́ ti àwọn abọ̀rìṣà. Ó wá pàṣẹ pé kí wọ́n kọ́ ilé àlejò sí ìlú gbogbo, ó sì fi ọkà àti wáìnì ránṣẹ́ fún àwọn tálákà.