Ewéko Tó Gba Odò Lọ́wọ́ Apẹja

Ìtàn omi kan wà tó yẹ kí gbogbo wa ní Ìfọ̀nyìn mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀.

Ewéko kan wà tó ń léfòó lórí omi. Ewé rẹ̀ rí roboto, òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ elésè-àlùkò. Àwọn Faransé ń pè é ní jacinthe d'eau. Gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó ti wá. Òdòdó rẹ̀ dùn ún wò, nítorí náà àwọn ènìyàn ń gbé e láti ilẹ̀ kan dé òmíràn. Wọ́n rò pé ẹwà ni àwọn gbé, àṣé wàhálà ni wọ́n ń kó wálé.

Ní nǹkan bí ọdún 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Benin. Nígbà tó fi máa di 1984, ó ti dé Àgbádárìgì ní Nàìjíríà. Kò béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Omi Àjàṣẹ́ àti omi Àgbádárìgì so pọ̀, omi kò sì mọ ààlà.

Kí ló dé tó fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Èkíní, kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ kò bá a wá. Èkejì, ìdọ̀tí ilé wa àti ajílẹ̀ òyìnbó tí òjò ń gbá wọ odò, oúnjẹ ni fún un. Ẹ̀kẹta, iyọ̀ ni ó lè pa á, iyọ̀ kò sì sí níbi gbogbo. Ní ọdún 1885, àwọn Faransé la ilẹ̀ ní Kútọnu. Láti ìgbà náà, omi òkun ń wọ inú ọ̀sà Nokoué. Nígbà ẹ̀rùn, omi iyọ̀ náà a máa pa ewéko yìí níbẹ̀. Bí òjò bá dé, odò Wẹmẹ a kún, a sì tún gbé òmíràn wá láti òkè odò, níbi tí iyọ̀ kò dé.

Ó bo omi bí ẹní. Ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ kò wọlé dáadáa mọ́, ẹja ń kú. Àwọ̀n kò ṣeé jù. Ọkọ̀ àwọn obìnrin tó ń gbé ẹja àti oúnjẹ lọ sí ọjà kò rí ọ̀nà gbà. Bí a bá fi ọwọ́ fà á tu, a tún hù.

Láti 1991 dé 1993, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ IITA àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ẹja pípa tú kòkòrò irú mẹ́ta sórí rẹ̀. Láti ìlú ìbí ewéko náà ni àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti wá. Wọn kì í jẹ irè oko. Iṣẹ́ wọn kò yá, ṣùgbọ́n ó dájú. Ní Tévèdji, ewéko yìí bo gbogbo ojú omi. Lẹ́yìn ọdún 8, bí a bá pín ojú omi náà sí ọ̀nà 100, ìpín 5 péré ni ó ṣì bò.

Ẹ mú ṣọ́ọ̀kì yín, kí a ṣe ìṣirò. Àwọn onímọ̀ wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn bíi 200,000 tó ń gbé ní agbègbè náà. Nígbà tí ewéko yìí pọ̀ jù, owó tí wọ́n ń pàdánù lọ́dún kan tó dọ́là mílíọ̀nù 84. Iṣẹ́ kòkòrò dá mílíọ̀nù 30.5 padà lọ́dún. Ẹ yọ 30.5 kúrò nínú 84. Ó ku 53.5. Ẹ rí i pé àtúnṣe kò tó ìbàjẹ́.

Kòkòrò lè jẹ ewé, kò lè gbá ìdọ̀tí. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ẹ má ṣe da pàǹtí sí odò. Ẹ má ṣe gbé òdòdó yìí lọ sí omi mìíràn. Bí ẹ bá fà á tu, ẹ sá a lórí ilẹ̀ gbígbẹ títí yóò fi kú.

Kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ bi ara yín léèrè: ìṣàn omi tó wà nítòsí ilé mi, kí ni mo ń dà sí i, ta ni yóò sì mu ún nísàlẹ̀?