Títọpa Àìsàn Ojú Àgbà: Ohun tí Ìwádìí Ọlọ́dún Gbọọrọ Lè Bá Pàdé ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Àìsàn ojú tó ń bá ọjọ́ orí rìn kì í sábà dé lójijì. Kàtáráàtì máa ń mú kí dígí inú ojú ṣú díẹ̀díẹ̀. Glọkọ́mà ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ló sì ti sábà máa ń jẹ ìríran wọ àárín, láìsí ìrora, títí tí àgbà yóò fi máa kọsẹ̀ lára ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ wọn, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lè ka iye àwọn tó ti fọ́jú, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìgbà tí ìfọ́jú náà bẹ̀rẹ̀. Àfi kí olùwádìí padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn kan náà.

Àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan tó gbòòrò jù lọ ní Nàìjíríà ni èyí tí wọ́n ṣe káàkiri orílẹ̀-èdè láàárín 2005 sí 2007. Ó lé ní 13,500 ènìyàn, láti ẹni ogójì ọdún sókè, tí wọ́n yẹ ojú wọn wò. Ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló fọ́jú. Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù ló kéré jù, ìdá 2.8, Àríwá Ìlà-Oòrùn ló ga jù, ìdá 6.1. Kàtáráàtì ló fa ìdá 43 nínú ìfọ́jú náà, glọkọ́mà sì fa ìdá 16.7. Èyí tó yẹ kó dẹ́rù ba ará Èkó ni ti glọkọ́mà: nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ló ní in, Yorùbá àti Ìgbò sì wà lára àwọn tí ó pọ̀ sí láàárín wọn. Nínú àwọn tó ní in, ìdá 5.6 péré ló mọ̀ pé òun ní in, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ti fọ́jú.

Láti mọ bí àrùn náà ṣe ń yára tó, erékùṣù Barbados ló yẹ kí a wò, nítorí pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó baba ńlá ọ̀pọ̀ ará erékùṣù yẹn lọ. Ìwádìí ojú tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980 gba ènìyàn tó lé ní 4,000, ọmọ ogójì ọdún sí mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Glọkọ́mà wà lójú ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú. Àwọn olùwádìí padà lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, wọ́n tún padà lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án. Nínú àwọn tí kò ní in tẹ́lẹ̀, ìdá 2.2 ti ní in nígbà àkọ́kọ́. Nígbà kejì, ó ti di ìdá 4.4. Irú òǹkà báyìí ni ìjọba lè fi ṣètò ìtọ́jú, kì í sì í ti inú àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan jáde.

Ilẹ̀ Yorùbá náà kò ṣàìmọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn nítorí àrùn ìgbàgbé. Ìyẹn fi hàn pé àdúgbò àtijọ́ kan ṣoṣo nínú ìlú ńlá tó fún iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2003, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn lórí ọjọ́ ogbó. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin sókè ni wọ́n gbà, láti ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá, Èkó sì wà nínú wọn. Wọ́n bi àwọn àgbà náà léèrè nípa ojú wọn. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló ní òun kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa. Àmọ́ àìrí ohun tó sún mọ́ni ló ba ìgbé ayé wọn jẹ́ jù. Kò ní í ya ẹni tó ti rí ìyá àgbà tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà lẹ́nu.

Ibi tí ìbéèrè ẹnu kù sí ni pé ẹni tí glọkọ́mà ń jẹ ojú rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ yóò dáhùn pé ojú òun dá ṣáká. Àfi kí wọ́n wọn agbára omi inú ojú, kí wọ́n ya àwòrán ẹ̀yìn ojú, kí wọ́n sì tọ́jú àwòrán náà. Ohun tí wọ́n ṣe ní Beaver Dam ní Amẹ́ríkà nìyẹn: wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1988, wọ́n sì padà ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ibẹ̀ wà lára ibi tí a ti mọ̀ pé sìgá máa ń dá kún àrùn tó ń jẹ àárín awọ ẹ̀yìn ojú.

Bí a bá ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àdúgbò àtijọ́ ní Erékùṣù Èkó, ohun kan wà níbẹ̀ tí Beaver Dam kò ní: agbo ilé. Ìdílé ni glọkọ́mà máa ń tọ̀. Nínú ìwádìí Rotterdam ní Netherlands, nǹkan bí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀gbọ́n, àbúrò àti ọmọ alárùn náà ni yóò ní in kí wọ́n tó kú. Láàárín ìbátan àwọn tí kò ní in, ìdá 2.3 ni. Bí bàbá àgbà kan bá ní in nínú ilé ìdílé nítòsí Ìgá Ìdúngánran, ààfin Ọba Èkó, àwọn tó yẹ kí wọ́n yẹ̀ wò tẹ̀ lé e kò ṣòro láti mọ̀, nítorí pé ìdílé mọ ara wọn.

Ṣùgbọ́n ará Ìsàlẹ̀ Èkó kì í ṣe ará ibì kan títí ayé. Láti àárín àwọn ọdún 1950 ni àjọ LEDB (Lagos Executive Development Board) ti wó ọ̀pọ̀ ilé ní Erékùṣù Èkó, tí wọ́n kó àwọn kan lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, tó ṣèwádìí lórí wọn, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ó sì fi hàn bí ìkólọ náà ṣe tú ẹbí ká. Ìwádìí tó bá fi nọ́ńbà ilé nìkan dá ènìyàn mọ̀ yóò pàdánù irú àwọn bẹ́ẹ̀. Orúkọ ìdílé, olórí ẹbí àti nọ́ńbà fóònù ọmọ ni kí wọ́n kọ sílẹ̀. Ikú náà tún ń dín wọn kù, bẹ́ẹ̀ afọ́jú sábà máa ń tètè kú ju aríran lọ. Bí wọn kò bá ka òkú mọ́ ọn, yóò dà bíi pé àrùn ń rọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ló kù. Wọ́n lè yọ kàtáráàtì kúrò kí ìríran padà, ṣùgbọ́n ojú tí glọkọ́mà bá ti bàjẹ́ kò ní àtúnṣe. Èyí tó kù ni ẹ̀kán oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bò. Nítorí náà, olùwádìí tó bá bá glọkọ́mà lójú ènìyàn gbọ́dọ̀ fà á lé dókítà ojú lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, bí èyí bá tilẹ̀ máa yí òǹkà rẹ̀ padà. Kò yẹ kí ìgbìmọ̀ kankan fọwọ́ sí ìwádìí tí kò bá ní ètò ìtọ́jú yìí nínú.