Àrá, Ìjì àti Ìtùnú Ọmọdé ní Ìfọ̀, Mowé àti Ìbàfò

Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Bí kò ti mọ ẹni ọ̀wọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ọmọdé. Ní ìgbà àkọ́rọ̀ òjò, àti nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹwàá, ìjì líle a máa jà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Àwórì. Nígbà náà ni ọmọdé ń sá sábẹ́ aṣọ ìyá àgbà. Bí àwọn àgbà ti ń lé ẹ̀rù yìí láti ìran dé ìran ní ìtàn tirẹ̀.

Ní ayé àtijọ́, Ṣàngó, ọ̀kan nínú àwọn Aláàfin Ọ̀yọ́ ìgbà ìwáṣẹ̀, ni wọ́n gbà pé ó ń sán àrá. Bí àrá bá ti sán, àgbà a kí i pé, 'Kábíyèsí!', ọmọdé náà a sì kí i. Ariwo tí kò ní ojú a wá di ọba tí ènìyàn lè kí. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ náà kù díẹ̀ káàtó, nítorí pé wọ́n a máa fura pé olè tàbí òpùrọ́ ni ẹni tí àrá bá pa. Ọmọ tí ó ti jí ẹran inú ìkòkò jẹ a sì máa gbọ̀n ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí ìjì bá jà ní alẹ́, àlọ́ ń bẹ. Àgbà a ní, 'Ààlọ́ o!', àwọn ọmọ a dáhùn pé, 'Ààlọ̀!' Orin ń bẹ nínú àlọ́ àpagbè. Bí àrá bá ti ń dún sí i, bẹ́ẹ̀ ni ègbè ní láti máa ga sí i. Ẹni tí ó ń gbe orin kì í ráyè sunkún. Adébóyè Babalọlá kó irú àlọ́ bẹ́ẹ̀ jọ sínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá, tí ó jáde ní 1973.

Ibùgbé wá yí padà. Ojú-irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti Èkó ní 1896 gba Ìfọ̀ kọjá, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, páànù gba ipò koríko àti ewé lórí ilé, ariwo òjò sì pọ̀ sí i nínú yàrá. Ní 1978, wọ́n ṣí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Mowé àti Ìbàfò, tí wọ́n wà létí rẹ̀, di ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ Èkó ń kọ́lé sí. Òbí kì í tètè ti ibi iṣẹ́ dé, nítorí náà, lọ́wọ́ ìyá àgbà ni ìjì ìrọ̀lẹ́ ti sábà máa ń bá ọmọ.

Ìmọ̀ pẹ̀lú ti pọ̀ sí i. Ní 1752, àwọn onímọ̀ ní Faransé àti Benjamin Franklin ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ọ̀kan náà ni mànàmáná ojú ọ̀run àti agbára iná tí a ń lò nínú ilé lónìí. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń ṣáájú ohùn. Ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ka ení, èjì, ẹ̀ta, bí mànàmáná bá ti kọ. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta-mẹ́ta dúró fún nǹkan bíi kìlómítà kan. Bí iye náà bá ń pọ̀ sí i, ìjì ń lọ nìyẹn. Àgbà tí ó mọ èyí kò ní jẹ́ kí ọmọ dúró lábẹ́ igi tàbí lójú fèrèsé. Yóò yọ okùn tẹlifíṣọ̀n kúrò lára iná kí ìjì tó dé, yóò sì dá òjò wíwẹ̀ dúró títí àrá yóò fi dákẹ́ fún 30 ìṣẹ́jú.

Ìkíni, ègbè àti òǹkà: ọ̀nà mẹ́ta, ọgbọ́n kan ṣoṣo. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn kò sọ fún ọmọ pé kí ó dákẹ́. Ohun tí yóò fi dá àrá lóhùn ni wọ́n fún un.