Ohùn Méjì Lẹ́nu Òṣèré Kan: Iṣẹ́ Kevin Conroy

Kevin Conroy kò tíì fọhùn sí eré kátúùnù kankan rí kí wọ́n tó mú un fún Batman: The Animated Series, tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992. Èrò wa ni pé èyí kò pa iṣẹ́ rẹ̀ lára rárá, nítorí iṣẹ́ orí ìtàgé ló gbé wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀.

Westbury ní ìpínlẹ̀ New York ni wọ́n bí i sí ní 1955. Ní 1973, ó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Juilliard láti kọ́ eré ìtàgé lábẹ́ John Houseman. Òun àti Robin Williams jọ gbé yàrá kan. Eré Shakespeare ló jẹ ẹ́ lógún. Ó hàn lórí tẹlifíṣọ̀n nínú Another World, Ohara àti Tour of Duty, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú wọn.

Ohùn méjì ló lò fún Batman, akọni abòjú tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Bruce Wayne. Bí ó bá jẹ́ Bruce Wayne, olówó ìlú, ohùn rẹ̀ á fúyẹ́, ẹ̀rín kì í sì jìnnà sí i. Bí ó bá di Batman, ohùn á wálẹ̀ sínú àyà, láìpariwo. Michael Keaton ti ya ohùn méjèèjì sọ́tọ̀ nínú fíìmù Batman ti ọdún 1989. Èyí tí Conroy fi kún un ni pé ohùn abẹ́ ìbòjú ló fi ṣe ojúlówó. Ti Bruce Wayne ló wá di èyí tí ọkùnrin náà ń díbọ́n lò láàárín èrò. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ohùn eégún rí kò ní ṣàìmọ ohun tí a ń wí.

Andrea Romano, tó darí ìgbohùnsílẹ̀ kátúùnù náà, máa ń fẹ́ kí àwọn òṣèré péjọ sínú yàrá kan náà, kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn. Ẹ̀yìn èyí ni àwọn ayàwòrán máa ń ya àwòrán tẹ̀lé ohùn. Pípéjọ yẹn ló mú kí ìjà Conroy àti Mark Hamill, tó ṣe Joker, ọ̀tá Batman, ní ooru tó bẹ́ẹ̀.

Ní 2022, nínú ìtàn alàwòrán rẹ̀, Finding Batman, Conroy sọ orísun ohùn náà. Ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni. Ó fi í pamọ́ nídìí iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ní inú ìrora yẹn ni ohùn Batman ti jáde. A gbà á gbọ́. Síbẹ̀, ìrora nìkan kò lè gbé ohùn dúró fún ọgbọ̀n ọdún. Nínú Batman Beyond (1999), ó mú kí ohùn kan náà darúgbó. Nínú géèmù Arkham Asylum (2009), ó tún gbé e dé inú iṣẹ́ tí òṣèré ti ń dá sọ̀rọ̀ níwájú makirofóònù. Ẹ̀kọ́ ìtàgé ló ṣe èyí.

Ní 2019, ó fi ojú ara rẹ̀ ṣe Bruce Wayne nínú eré tẹlifíṣọ̀n Crisis on Infinite Earths. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 2022, lẹ́ni ọdún 66. Finding Batman gba Eisner, ẹ̀bùn àwọn ìtàn alàwòrán, ní 2023.